Ọmọ ológbò tó ń ba de ẹsẹ̀ wa ní ìdájí

Obìnrin kan kọ̀wé sí mi láti Òṣogbo. Mo gé e kúrú díẹ̀: "Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Télọ̀ ni mí, yàrá kan àti pálọ̀ ni èmi, ọkọ mi àti ọmọ wa ọlọ́dún mẹ́rin ń gbé. Eku ló ń jẹ aṣọ oníbàárà tí mo fi lọ ra ọmọ ológbò lọ́jà. Inú páálí ni wọ́n ti gbé e fún mi, ó kéré débi pé ọwọ́ ni mo fi ń bu oúnjẹ sí i lẹ́nu. Ó ti pé oṣù méjì lọ́dọ̀ wa báyìí, Sájẹ́ńtì la sọ ọ́. Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ti di nǹkan mìíràn. Aago márùn-ún ìdájí ló ń bẹ̀rẹ̀: á sáré látorí àga dé ojú fèrèsé, á gun kọ́tìnnì, á bẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ wa lábẹ́ aṣọ ìbora. Bí mo bá na ọwọ́ sí i, á dì í mú, á máa gé e jẹ, á sì máa fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ta á. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó gé ọmọ mi jẹ lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ yọ. Mo nà án, kò gbọ́. Aládùúgbò ní kí n fi ata sí i nímú. Ìyá onílé ní ojú tó ń tàn lóru yẹn kì í ṣe ojú lásán, kí n lọ gbé e jù sí ààtàn. Mi ò fẹ́ jù ú nù, ṣùgbọ́n ó ti sú mi. Ṣé orí rẹ̀ ló dàrú ni?"

Arábìnrin wa, ẹ kú ìfaradà. Kí n tó fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ Sájẹ́ńtì rárá, ọwọ́ ọmọ yẹn ni kí a kọ́kọ́ mójú tó. Ẹ ò sọ bóyá ológbò náà ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi. Màá gbà pé kò tíì gbà á, torí ìgbà tó bá pé nǹkan bí oṣù 3 la sábà máa ń gún un fún wọn. Bí ẹranko tí kò gba abẹ́rẹ́ bá gé ọmọ jẹ tí ẹ̀jẹ̀ yọ, ilé ìwòsàn ló kàn. Ẹ gbé e lọ lónìí, ẹ má wò ó pé ọ̀sẹ̀ kan ti kọjá, ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn, kí wọ́n pinnu lórí abẹ́rẹ́ dìgbòlugi àti ti tẹ́tánọ́ọ̀sì. Bí irú rẹ̀ bá tún wáyé, omi tó ń ṣàn àti ọṣẹ ni kí ẹ fi fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 gbáko kí ẹ tó jáde nílé. Ẹ má fi epo sí i, ẹ má fi ewé sí i. Ní ti ológbò fúnra rẹ̀, bó bá ń jẹun, tó ń mumi, tó sì ń sáré kiri títí ọjọ́ 10 fi pé láti ọjọ́ tó gé ọmọ jẹ, a jẹ́ pé kò sí dìgbòlugi nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Èyí tó ní in kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀: itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀, nǹkan ò ní ṣeé gbé mì, á máa rìn bí ọ̀mùtí, á sì kú. Ohun tí ẹ ṣàpèjúwe kò jọ ọ́. Síbẹ̀ ẹ má tìtorí pé mo sọ bẹ́ẹ̀ jókòó sílé, torí mi ò fojú kan ológbò náà, mi ò sì fojú kan ọwọ́ ọmọ.

Ó yá, Sájẹ́ńtì. Orí rẹ̀ ò dàrú. Iṣẹ́ tí ẹ torí rẹ̀ rà á gan-an ló ń kọ́ ṣe, ẹsẹ̀ àti ọwọ́ yín ló sì rí fi kọ́ ọ. Lálẹ́ òní, ẹ jókòó jẹ́ẹ́ kí ẹ máa wò ó. Kó tó bẹ́, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ọmọlójú rẹ̀ á fẹ̀ títí dúdú á fi gba gbogbo ojú, orí ìrù rẹ̀ nìkan á máa mì, lẹ́yìn náà á mi ìdí lọ sọ́tùn-ún sósì bí ẹni tó ń wá ibi tí ẹsẹ̀ yóò ti múlẹ̀. Ìgbà náà ni yóò fò. Bó bá dì yín mú tó ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì ta yín, bí wọ́n ṣe ń ya ẹran níkùn nìyẹn. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Kò sí bí a ṣe lè ṣe ifá kó má hùwà èkùrọ́. Aago márùn-ún tó ń jí yín náà kì í ṣe àrankàn. Ológbò kì í ṣe ẹranko ọ̀sán, kì í sì í ṣe ti òru pátápátá. Ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ ni ara rẹ̀ máa ń yá jù, nígbà tí eku ń jáde. Ọmọ rẹ̀ lè sun wákàtí 16 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́. Bí ẹ bá wà nídìí máṣíìnì láti àárọ̀ tí Sájẹ́ńtì ń sùn lórí aṣọ oníbàárà, gbogbo agbára tó kó jọ lọ́sàn-án yẹn, ibì kan ló máa ná an sí.

Ohun kejì wà nínú lẹ́tà yín tí ẹ̀yin fúnra yín ò kà sí: ó kéré débi pé ọwọ́ lẹ fi ń bu oúnjẹ sí i lẹ́nu. Oṣù méjì sẹ́yìn nìyẹn. Bí mo bá ṣírò rẹ̀ dáadáa, kò lè ju ọ̀sẹ̀ 5 tàbí 6 lọ nígbà tí wọ́n tà á fún yín. Ó yẹ kí ọmọ ológbò wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 8 ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ 12 ló sì dáa jù. Ọmú nìkan kọ́ ló ń gbà níbẹ̀. Àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ló máa ń kọ́ ọ bí eyín ṣe ń dunni tó. Bí ọ̀kan bá gé èkejì jẹ jù nínú eré, èkejì á han, á sì kúrò níbẹ̀, eré parí. Ìyá fúnra rẹ̀ á gbá èyí tó bá ki àṣejù bọ̀ ọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, oníkálukú ti mọ ibi tí eré ń parí sí. Àwọn tó ń tà wọ́n lọ́jà mọ̀ pé bó ṣe kéré tó ló ṣe ń wu èèyàn tó, wọn kì í dúró de ọ̀sẹ̀ 8. Sájẹ́ńtì ò kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn tán kó tó wọ páálí. Ó dé ilé yín, ọwọ́ ló ń fún un lóúnjẹ, ọwọ́ yẹn náà ló ń bá a ṣeré, kó tó di pé ọwọ́ tún wá ń nà án. Ta ni irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ò ní dàrú mọ́ lójú? Ẹ tún fi kún un pé àsìkò tí eyín ọmọdé rẹ̀ fẹ́ máa bọ́ ló kù sí dẹ̀dẹ̀ yìí. Eyín 26 ni ológbò fi ń ṣe ọmọdé, láti bí oṣù 3 àbọ̀ sí 4 ni wọ́n ti máa ń bọ́, 30 ló sì máa ń hù rọ́pò wọn kó tó pé oṣù 7. Èrìgì rẹ̀ á máa yún un, ohun tó bá rí ló máa rún.

Ní ti ìyá onílé, mi ò ní bá àgbàlagbà jiyàn lórí ohun tó gbà gbọ́. Ojú tó ń tàn nìkan ni màá sọ̀rọ̀ lé lórí, torí ìyẹn wà lábẹ́ iṣẹ́ mi. Nínú ẹyinjú ológbò, ní apá ẹ̀yìn, ni awọ tín-ín-rín kan wà tó ń dán bíi dígí. Ìmọ́lẹ̀ tó bá wọlé á kọ lù ú, á sì padà gba inú ojú jáde, òun ló ń jẹ́ kó ríran níbi tó ṣókùnkùn sí àwa. Màlúù ní in, ewúrẹ́ náà ní in. Bí ewúrẹ́ bá wà nínú ọgbà yín, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i lójú lóru kí ẹ̀yin àti ìyá onílé jọ wò ó. Mi ò tíì rí ẹni tó gbé ewúrẹ́ lọ sí ààtàn nítorí rẹ̀.

Nínà àti ata ni kí ẹ fi sílẹ̀ pátápátá. Ológbò kì í so ẹgba pọ̀ mọ́ ohun tó ṣe bí ọmọ èèyàn ṣe ń so ó. Àwọn kan á rò pé ìjà eré lẹ tún gbé dé, wọ́n á gé yín jẹ jù ti tẹ́lẹ̀. Àwọn mìíràn á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù yín. Ata ń jó ojú àti imú rẹ̀ lásán ni, bó bá sì nu ún mọ́ ọwọ́ ọmọ yín, ojú ọmọ ló kù. Lọ́dún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, èmi náà gba ọkùnrin kan nímọ̀ràn pé kó máa fi ìka ta ológbò rẹ̀ nímú bó bá ti gé e jẹ. Lẹ́yìn oṣù méjì ó gbé e padà wá. Lóòótọ́, kò gé e jẹ mọ́. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin náà bá ti gbé ọwọ́ sókè láti họ orí ara rẹ̀, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni ológbò ń sá lọ, ibẹ̀ ló sì ti wá ń tọ̀. Mo gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìmọ̀ràn yẹn. Mi ò gba ẹlòmíràn nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe ni pé kí ẹ wá ẹran mìíràn fún ọdẹ yín. Ẹ mú igi tó gùn tó apá yín, ẹ so ajákù aṣọ mọ́ orí rẹ̀, tó fẹ̀ tó ìka méjì, tó gùn tó ìgbọ̀nwọ́ kan. Aṣọ ni mo wí o, kì í ṣe òwú. Ẹ má fi gbá a lójú. Kò sí eku tó ń fò lọ bá ológbò. Ẹ máa wọ́ ọ nílẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ kó sá sẹ́yìn ẹsẹ̀ àga, kó dúró, kó gbọ̀n díẹ̀, kó tún sá. Ẹ̀ẹ̀kan ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀ẹ̀kan kí ẹ tó sùn, ìṣẹ́jú 10 sí 15 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kó máa rí i mú dáadáa, pàápàá lẹ́yìn tó ti rẹ̀ ẹ́. Ọdẹ tí kì í pa nǹkan, inú á máa bí i. Bí ẹ bá ti parí, ẹ gbé oúnjẹ rẹ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Á jẹ ẹ́ tán, á fi itọ́ fọ ojú, á lá ara rẹ̀ títí dé ìrù, á sì sùn. Bí ọjọ́ ológbò ṣe tò nìyẹn: ó dọdẹ, ó jẹ, ó wẹ̀, ó sùn. Bó bá jí ní aago márùn-ún, ẹ má dìde fún un lóúnjẹ, ẹ má bá a wí, ẹ ṣe bí ẹni tí kò sí nílé. Ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ yóò le ju ti tẹ́lẹ̀, torí yóò máa wò ó bóyá ẹ ò gbọ́ ni. Bí ẹ bá dìde ní ọjọ́ kẹrin, ẹ ti kọ́ ọ pé ọjọ́ mẹ́rin ni kó máa fi pariwo.

Bó bá di ọwọ́ yín mú, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ náà kú. Ohun tó ń sá ló ń lé, bí ẹ bá sì fà á, èékánná á ya yín jìnnà. Ẹ dá ọwọ́ dúró, ẹ tiẹ̀ tì í sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ díẹ̀, yóò tú u sílẹ̀. Kí ẹ wá dìde láìsọ̀rọ̀, kí ẹ bọ́ sí yàrá kejì fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Ohun tí àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ì bá ti kọ́ ọ nìyẹn. Gbogbo ilé ló gbọ́dọ̀ ṣe é, kì í ṣe ẹ̀yin nìkan. Ẹ bá mi bẹ bàbá ọmọ, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ilé tí wọ́n ti pè mí, bàbá ilé ló máa ń fi ọwọ́ bá ológbò jìjàkadì lálẹ́, tí á máa rẹ́rìn-ín, tí ìyàwó àti ọmọ á wá máa jẹ gbèsè rẹ̀ láàárọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin kò tíì lè dá ọwọ́ dúró bí eyín bá wọ ọ́, nítorí náà ẹ má fi òun àti Sájẹ́ńtì sílẹ̀ láwọn nìkan. Ẹ fún un ní igi aláṣọ yẹn, kó máa wọ́ ọ kiri níṣojú yín. Inú àwọn méjèèjì á dùn, ọwọ́ ọmọ á sì jìnnà sí eyín. Kọ́tìnnì ńkọ́? Ẹ ká a sókè fún oṣù kan tàbí méjì. Bó ṣe ń fi èékánná ya nǹkan kì í ṣe ìwà ìbàjẹ́: èèpo èékánná àtijọ́ ló ń bó kúrò, ó sì ń fi òórùn àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sàmì sí ilé. Ẹ fi àpò ìdọ̀họ we pákó kan, ẹ kàn án mọ́ ibi tó ti ń ya nǹkan gan-an. Kó dúró gbọn-in, torí bó bá ń mì kò ní padà síbẹ̀.

Ẹ̀rù òwú ló bà mí jù lọ nígbà tí mo kà á pé télọ̀ ni yín. Wọ́n gbé ológbò kan wá fún mi nígbà kan tó ti ń bì láti ọjọ́ mẹ́ta, tí kò jẹ, tí kò mu. Mo tẹ ikùn rẹ̀, ó kó jọ bí aṣọ tí wọ́n fa okùn ìdí rẹ̀. Mo la ẹnu rẹ̀, mo gbé ahọ́n rẹ̀ sókè: òwú aláwọ̀ ewé kan ló há yí ìdí ahọ́n, tó ti ń gé ẹran ibẹ̀ wọlé, orí rẹ̀ kejì sì ti dénú ìfun. Ahọ́n ológbò kún fún ẹ̀gún kéékèèké, gbogbo ẹ̀gún náà ló kọjú sí ọ̀nà ọ̀fun, nítorí náà ohun tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé mì, kì í rọrùn fún un láti tu ú. Iṣẹ́ abẹ ló yọ ọ́. Bí ẹ bá rí òwú tó yọ lẹ́nu Sájẹ́ńtì tàbí ní ìdí rẹ̀, ẹ má fà á rárá, ó lè ya ìfun rẹ̀. Ẹ gbé e lọ bó ṣe wà. Kí ọ̀rọ̀ má sì dé ibẹ̀, ẹ máa gbálẹ̀ ìdí máṣíìnì kí ẹ tó sùn, kí òwú àti abẹ́rẹ́ máa wà nínú agolo tó ní ìdérí.

Ẹ ò sọ ohun tó ń jẹ. Bó bá jẹ́ ẹ̀bà pẹ̀lú omi ọbẹ̀, ebi ń pa á, ológbò tí ebi ń pa kì í fara balẹ̀. Ẹran ni wọ́n dá a láti máa jẹ. Èròjà kan wà tí wọ́n ń pè ní taurine, inú ẹran àti ẹja ló wà, bí kò bá rí i tó fún ìgbà pípẹ́, ojú àti ọkàn rẹ̀ ni yóò bàjẹ́. Ẹja bíbọ̀ tí ẹ yọ egungun rẹ̀, tí kò ní ata àti àlùbọ́sà, ẹyin sísè, ẹ̀dọ̀ adìẹ díẹ̀, kí ẹ pín in sí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́. Bí owó bá wà fún oúnjẹ ológbò tí wọ́n ń tà, kí ẹ máa fi kún un, torí àwọn tí mo kà yìí nìkan kò pé tán. Mílíìkì inú agolo máa ń fún ọ̀pọ̀ wọn ní ìgbẹ́ gbuuru, omi ni kí ẹ gbé kalẹ̀. Oògùn aràn ti ọmọ ológbò ni kí dókítà ẹranko fún un. Ẹ má fún un ní parasitamọ́ọ̀lù láé, díẹ̀ rẹ̀ ń pa ológbò. Ẹ má sì fi ọ̀tapíàpíà lé eégbọn lára rẹ̀. Oògùn eku náà gbọ́dọ̀ kúrò nínú ilé, nítorí eku tó jẹ ẹ́ kú ni Sájẹ́ńtì yóò kọ́kọ́ rí mú.

Àwọn kan á sọ fún yín pé kí ẹ mú ọmọ ológbò kejì wá kí wọ́n máa bá ara wọn jà. Òótọ́ ni pé ó máa ń ṣiṣẹ́, eyín á kúrò lára èèyàn. Ṣùgbọ́n nínú yàrá àti pálọ̀, pẹ̀lú ọmọ kékeré, oúnjẹ méjì, abẹ́rẹ́ méjì, èmi ò ní gbà yín nímọ̀ràn ẹ̀. Àwọn mìíràn á ní kí ẹ tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Ẹ ṣe é, láti bí oṣù 4 sí 6, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí gígéni jẹ; ìyẹn kò ní tìtorí rẹ̀ lọ. Ìtọ̀ olóòórùn tí akọ ń tọ̀ sára ògiri, ìrìnkèrindò àti oyún ni yóò gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ abẹ́ rẹ̀ wò dáadáa o, torí mo ti rí Sájẹ́ńtì tó bímọ márùn-ún. Ààtàn ni mi ò fara mọ́. Èyí tí wọ́n fi ọwọ́ bọ́ láti kékeré kò mọ bí wọ́n ṣe ń wá oúnjẹ, ajá tàbí mọ́tò ni yóò pa á. Bí ẹ bá rí i pé ẹ ò lè yọ ìdajì wákàtí lójúmọ́ fún un, kò sí ìtìjú níbẹ̀, ẹ wá oní-gàrí tàbí oníṣòwò àgbàdo tí eku ń yọ lẹ́nu, kí ẹ fún un. Kó má ṣáà jẹ́ ẹni tó ń sin adìẹ.

Ibi tí agbára mi mọ rèé. Bí Sájẹ́ńtì bá ń gé yín jẹ nígbà tí ẹ fọwọ́ kan ojú kan pàtó lára rẹ̀, ìrora ni, eré kọ́. Bí ìwà rẹ̀ bá yí padà lójijì, tó sá pamọ́, tí kò jẹun, lẹ́tà kò lè wò ó, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko. Bí ẹ bá ṣe gbogbo èyí fún ọ̀sẹ̀ 6 láìyẹsẹ̀ tí kò sì sí ìyàtọ̀ kankan, ẹ tún kọ̀wé sí mi. Mi ò lè ṣèlérí pé yóò di ológbò tó ń sùn sórí itan. Èyí tí wọ́n tètè já lẹ́nu ọmú, òmíràn kì í dẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ láéláé. Ṣùgbọ́n kó tó pé ọdún kan, eré àṣejù yìí á ti rọlẹ̀ púpọ̀. Láàárín ìgbà náà, bí ẹ bá ń gbálẹ̀ tí ẹ rí nǹkan funfun ṣóńṣó tí kò tó hóró ìrẹsì, eyín tó gé ọmọ yín jẹ nìyẹn. Ẹ fún ọmọ náà kó jù ú sórí páànù.